Kí N Tó Dá Kọ̀ǹpútà Màmá Tíṣà Padà

Kọ̀ǹpútà kékeré náà kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí, torí ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e káàkiri bí ohun ìní mi, tí gbogbo ọ̀rẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́ sì ń pè é ní "kọ̀ǹpútà ẹ." N kò tún un ṣe fún wọn rí. Mo máa ń dákẹ́ ni, mo sì rò pé inú ìdákẹ́ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ni ín ń gbé ní òpópónà kejì sí ilé wa ní Igbó-Ọrà. Olùkọ́ àgbà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ ìyá mi ní ìwé, òun náà ló kọ́ èmi, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Màmá Tíṣà. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá tí abọ́ ẹran kì í ti ọ̀dọ̀ wa lọ sílé rẹ̀, kò sì sí Kérésì tí abọ́ náà kì í padà wá pẹ̀lú ìrẹsì. Nígbà tí mo wọ ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, tí mo ní láti kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ó rí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń bá ènìyàn tẹ ìwé, níbi tí mo tò sí pẹ̀lú àwọn bébà tí mo fọwọ́ kọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ránṣẹ́ pè mí, ó yọ kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde nínú àpò àǹkárá tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un.

"Gbé e lọ," ó ní. "Mò ń lọ ṣe ojú mi n'Íbàdàn, mi ò ní lè tẹ nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi wà nínú ẹ̀ o. Bó o ṣe gbà á lọ́wọ́ mi ni kó o ṣe dá a padà."

Mo mọ iṣẹ́ tó ń sọ. Ìwé kíkà ni, fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ó máa ń sọ pé àwọn ìwé tí òun fi kọ́ ọmọ láti ìgbà tí òun ti ń ṣe tíṣà, ọkọ̀ ojú irin àti òkun ló kún inú wọn, ọmọ Ìbàràpá tí kò rí òkun rí á sì máa pariwo "òkun, òkun" títí wọn yóò fi lu agogo. Nítorí náà ó ń kọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń ti ìlú rìn lọ sí abúlé oko bàbá rẹ̀ àgbà, ibi kọ̀ọ̀kan tó bá sì kàn lójú ọ̀nà ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, èmi ló máa ń pè láti wá fi han òun bí wọ́n ṣe ń pa iṣẹ́ mọ́ sínú kọ̀ǹpútà kó má baà sọnù.

Nílé ẹ̀kọ́, kọ̀ǹpútà náà lọ́ra. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, màá dúró kó tó hàn. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ó sì wò ó fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan.

"Ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ètò tó ń darí ẹ̀ ló wúwo jù fún un. Ńṣe ló dà bíi kí wọ́n gbé àpò gààrí ru ọmọ ọdún mẹ́ta. Jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò, kí n fi èyí tó fúyẹ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni."

Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni yóò pa rẹ́, pé kí n kọ́kọ́ kó ohun tí mo bá fẹ́ sórí fíláàṣì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kó iṣẹ́ Màmá Tíṣà sórí fíláàṣì mi, mo ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì láti rí i pé ó pé, mo tilẹ̀ jókòó ka ẹ̀kọ́ mẹ́rin-márùn-ún nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ń di irun fún ẹnì kan tó wá bá mi.

Fíláàṣì kan ṣoṣo ló wà ní yàrá wa lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó lè fi ètò mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, orí fíláàṣì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e kà, fíláàṣì náà yóò sì ṣófo pátápátá kó tó gbà á. Ọ̀rẹ́ mi ti gba ètò náà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò gbé e lé.

"Èyí ńkọ́? Kò sí nǹkan lórí ẹ̀, àbí?"

"Kò sí," mo ní.

Ọwọ́ mi wà nínú irun. Mo ti gbìyànjú púpọ̀ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo sọ "kò sí" yẹn, n kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. N kò rò pé ìgbàgbé ni mo lè pè é, torí kò tíì tó wákàtí kan tí mo fọwọ́ ara mi kó iṣẹ́ náà sí i. Ó dà bí ẹni pé ẹnu mi ló dá ọmọ náà lóhùn, tí èmi fúnra mi kò sí nílé. Ọjọ́ kejì, nígbà tí mò ń sá aṣọ, ni mo rántí. Mo dúró sídìí okùn aṣọ títí omi fi ro tán lára ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n pe Màmá Tíṣà lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí n kò fi pè é, mo sì mọ̀ pé àlàyé náà kò tó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú ọ̀tún rẹ̀ ni, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ sunkún. Mo di èyí mú fún oṣù bíi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣe ojú òsì. Lẹ́yìn náà ni mo ń parí iṣẹ́ ìwádìí mi, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé mi lọ sí Òkè Ọya láti sìnlú fún ọdún kan. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é láti kí i, á béèrè pé, "Iṣẹ́ mi ńkọ́?" Màá ní, "Ó wà, mà." Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Nígbà tí mo ti sọ ọ́ tó bí ìgbà mẹ́wàá, àyà mi kò lù mọ́. Mo fẹ́ sọ pé ìyẹn bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò bà mí lẹ́rù. Mo kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ ni, bí ènìyàn ṣe máa ń ṣàkíyèsí pé òjò ti dá.

Nígbà tí mo fi máa padà sílé láti Òkè Ọya, mo ti di ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn, tí kì í sì í bàjẹ́. Màá jí, màá bá ìyá mi yan gààrí, màá kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, màá sùn. Àwọn ará àdúgbò rò pé àìríṣẹ́ ló ń ṣe mí, wọ́n á sì máa fi àdúrà tù mí nínú. Màá ní àmín. Àìríṣẹ́ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀, n kò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wá fún mi lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe rí yìí náà ni mo ṣe máa gbà á, màá ní ẹ ṣé, màá sì padà sídìí ìkòkò gààrí.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìyá mi ti ọjà dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà ní ojú òun ti mọ́ kedere. Ó ní kó o gbé kọ̀ǹpútà òun wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àwọn kan ní Èrúwà fẹ́ bá a tẹ ìwé yẹn jáde. Wọ́n ti rí ẹni tó máa ya àwòrán inú ẹ̀."

"Ó dáa, mà," mo ní.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e ni pé mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa dá a padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé, "Bó o ṣe gbà á lọ́wọ́ mi ni kó o ṣe dá a padà," pé bí n kò bá lè dá ohun inú rẹ̀ padà, ó kéré tán kí ojú rẹ̀ rí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìyẹn, níbi tí ènìyàn kì í ti í fẹ́ wo ara rẹ̀, mo ń retí pé bí ètò àtijọ́ bá padà, bóyá iṣẹ́ náà yóò bá a padà. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni èmi yìí o.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nítòsí ọjà tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Obìnrin ni, sólà wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí náà àwọn ọlọ́kadà kì í wọ́n níbẹ̀, wọ́n á wá gba iná sí fóònù wọn. Àwọn méjì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí mo dé. Ẹ̀gbọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ó tan án, ó wò ó.

"Kí ni kí n bá ẹ ṣe sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á. Ètò tó bá a wá gan-an ni mo fẹ́."

"Ta ló yọ tàkọ́kọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ọ̀rẹ́ ẹ gbọ́n jù ẹ́ lọ. Èyí tó wà nínú ẹ̀ yìí yá ju tàtijọ́ lọ. Ìwọ lo wá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, o ní o fẹ́ gun kẹ̀kẹ́."

"Ẹ jẹ́ ó gùn ún jàre," ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà dá a lóhùn. "Ṣé kẹ̀kẹ́ ń mu epo ni?"

"Ẹlòmíràn ló ni ín," mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ gbólóhùn yẹn síta.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó wá yé mi. O fẹ́ dá ọmọ padà fún ìyá ẹ̀, o wá ń wá aṣọ tó wọ̀ wá."

Ó yí kọ̀ǹpútà náà dojú dé, ó ń wá nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ètò rẹ̀ mọ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ ọ́ sí ti ṣí kúrò. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé nínú irú ẹ̀rọ kékeré yìí, wọ́n ti kọ nọ́ńbà náà sínú rẹ̀ níbi tí ẹnì kankan kò lè pa á rẹ́, pé bí ètò rẹ̀ bá ti wọlé yóò dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Fíláàṣì tí ètò náà wà lórí rẹ̀ so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Ó ki fíláàṣì náà bọ ẹ̀rọ náà, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó sì ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra bí ẹni ń pa èèrà, títí ẹ̀rọ náà fi gbà láti jí láti orí fíláàṣì. Ìlà kan jáde lójú rẹ̀ tó ń béèrè bóyá kí òun pa ohun gbogbo rẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbé ìka lé e, ó wá dúró.

"Ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀ tó o fẹ́? Mò ń sọ èyí tó ti sọnù pàápàá. Bí wọ́n bá ti pa nǹkan rẹ́ tẹ́lẹ̀, mo ṣì lè rí díẹ̀ ṣà nínú ẹ̀. Nígbà míì mo máa ń rí i, nígbà míì mi ò kì ń rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ ibí yìí, ètò yìí á jókòó lé gbogbo ẹ̀ lórí, ó parí nìyẹn."

N kò mọ̀ pé wọ́n lè ṣa nǹkan tó ti pa rẹ́. Nínú ọdún mẹ́ta, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan, torí bí mo bá béèrè, màá ní láti sọ ohun tí mò ń wá. Àwọn ọlọ́kadà méjèèjì ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn, mo mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì tí Màmá Tíṣà ṣì máa ń lọ kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Mo ro bí gbólóhùn náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo ro bí wọn yóò ṣe yí ojú padà. Ìka Ẹ̀gbọ́n ṣì wà níbẹ̀.

"Kò sí," mo ní.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Mo ti kọ ìpínrọ̀ tó kàn yìí nígbà mẹ́fà, mo ń gbìyànjú láti sọ pé ó dùn mí. Kò dùn mí. Mo jókòó ti àwọn ọlọ́kadà náà, mo ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá mọ́kànlélógún, wọ́n sì ń jiyàn nípa ọ̀nà tó yá jù dé Èrúwà, wọ́n bi mí léèrè, mo sì sọ èrò tèmi. Nígbà tí ètò náà wọlé tán, kọ̀ǹpútà kò lè fọhùn, kò sì lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, ó wá àwọn nǹkan kéékèèké tó kù lórí fóònù rẹ̀, ó fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tí mo mọ̀ láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé girama jáde, aláwọ̀ ojú ọ̀run, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju agbọ̀n ìdalẹ̀nù ní igun kan.

"Ó ti di ọmọ tuntun," Ẹ̀gbọ́n ní. "Kí ló dé tó ò rẹ́rìn-ín?"

Ìyá mi ló tú ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Nígbà tí mo délé, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní kí n ṣí ìwé náà fún òun. "Màmá Tíṣà ní ilé wa wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ náà kí mi nígbà tó ń kọjá."

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Ilé wa?"

"Ìwé náà. Ó ti pa rẹ́."

"Ta ló pa á rẹ́?"

"Èmi ni."

Ó bi mí nígbà wo. Nígbà tí mo sọ fún un, kò pariwo. Ó dìde, ó lọ fa iná jáde lábẹ́ agbada, ó tún padà wá jókòó. Ó ní bí mo ṣe rí yìí, n kò gbọ́dọ̀ dá lọ, pé wọn kì í dá ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ àgbàlagbà, ó ní láti wá ẹni tí àgbàlagbà náà kò lè kọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, kó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ láàárọ̀ kùtù. Ìyá mi sì mọ ẹni náà. Màmá Tíṣà kò mọ ìyá tó bí i, àbúrò ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá náà ṣì wà ní Èrúwà, ó ti darúgbó gan-an, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ìyá mi wọ mọ́tò lọ bá a lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ padà wá, ó sùn sọ́dọ̀ wa.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni a lọ. Màmá Tíṣà ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Bó ṣe rí ẹni tó wà lẹ́yìn wa, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí eruku.

"Dìde," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ọmọ yìí ṣẹ̀ ọ́. Kó o tó mọ ohun tó ṣe, sọ fún mi pé o ti gbà."

Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá Tíṣà wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin, láti Èrúwà, láàárọ̀ yìí? Ṣé ó lóyún ni?"

"Bó bá ṣe oyún ni, àwọn ará ilé ọkọ ni ì bá tẹ̀ lé wa wá. Gbà ná."

"Ta ni mí tí màá ní mi ò gbà lójú yín? Mo ti gbà. Ó ti tán."

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ó ti tán, mà."

Nígbà náà ni ìyá mi sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ́ ní kúkúrú, ó sọ fíláàṣì, ó sọ ọ̀rẹ́ mi, ó sọ pé ọmọdé ló ṣe mí. Màmá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wọlé lọ mú awò ojú rẹ̀, ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ó tan án lórí itan. Ó ń wá a. Ó ṣí ibi tó máa ń pa iṣẹ́ mọ́ sí, ó ṣí ibi àwòrán, ó ṣí ibi orin, ó ṣí agbọ̀n ìdalẹ̀nù. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ìka méjì náà ló ṣì ń lò. Mo lè sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n n kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó pa á dé, ó gbójú sókè sí Ìyá Àgbà.

"Mo ti ní ó ti tán, àbí?"

"O ti sọ bẹ́ẹ̀," Ìyá Àgbà dáhùn.

"Ó ti tán nìyẹn." Ó dìde, ó lọ po ògì fún wa.

Inú ìyá mi dùn nígbà tí a ń padà lọ sílé. Ó ní ṣé mo rí i, ṣé òun kò sọ fún mi. Ìyá Àgbà ní irú ẹ̀bẹ̀ tí òun ń bẹ̀ nìyẹn, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ro ẹjọ́ kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀, wọ́n á wá bá ìbínú pàdé lójú ọ̀nà. Mo gbé báàgì rẹ̀. Mo ń gbìyànjú láti mọ ìdí tí ara kò fi fúyẹ́ fún mi, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta ti kọjá láàárín àkókò tí ènìyàn fi ń mu ògì. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí mo rí níkẹyìn ni pé Màmá Tíṣà ti fi ẹnu rẹ̀ tì í kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. A kò bẹ̀ ẹ́. A gba ẹnu rẹ̀ ni. Lákọ̀ọ́kọ́ mo pa ìwé rẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn náà mo mú ẹni tó tọ́ ọ dàgbà wá láti pa ìbínú rẹ̀ rẹ́. Ìyá mi kò ṣe ohun tó burú o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì máa ń tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n.

Mo dá lọ. N kò sọ fún ẹnì kankan nílé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá Màmá Tíṣà, ó ń ṣa ẹ̀gúsí, ọpọ́n wà lórí itan rẹ̀.

"Ta lo tẹ̀ lé wá?" ó bi mí.

"Èmi nìkan ni, mà."

"Kí lo tún wá ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán."

"Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó ní ó ti tán, mà."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ "kò sí" ti yàrá wa, mo sọ "ó wà" ti orí fóònù, mo sọ "kò sí" ti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, àti pé ìka obìnrin náà dúró, pé ó bi mí, pé bóyá wọn ì bá rí díẹ̀ ṣà. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí mo dé ibi ìka yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé ọpọ́n sílẹ̀. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò ga, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ni, tí ẹni tó wà lẹ́yìn yóò gbọ́.

"Kó o pa á rẹ́, mo lè fara mọ́ ọn. Èmi náà ti pa nǹkan rẹ́ rí. Ṣùgbọ́n mò ń bi ọ́. Láti ọdún mẹ́ta, mò ń bi ọ́, ò ń ní ó wà. Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, orí mi ni gbogbo ẹ̀ wà? Mo lè kà á fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé. Bó o bá sọ fún mi nígbà náà, ǹ bá bú ọ, ǹ bá wá ọmọ kan kó máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ọkàn sí i pé ó wà, mo bá gbé e kúrò lórí mi. Ojú mi ni wọ́n là, wọn ò la ọpọlọ mi. Mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Mo jókòó lánàá, mo ń wá ẹ̀kọ́ kẹfà, mi ò rí i. Àwọn ará Èrúwà yẹn, kí ni kí n sọ fún wọn? Kí n ní ó wà?"

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó pè mí ní olè. Ó ní òun kò rò pé nínú gbogbo ọmọ tí òun kọ́, èmi ni màá fi ojú òun tí kò ríran ṣeré. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún tó lẹ́wà, ikun ń jáde nímú mi. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí. N kò lè sọ pé ìtura ni. Ó dùn mí gan-an ni, mo sì fẹ́ kó má dáwọ́ dúró.

"Nu imú ẹ," ó ní.

Mo fi etí aṣọ nu ún.

"Ìwọ kà á. O ní o jókòó kà á lẹ́yìn tó o kó o sórí nǹkan yẹn. Kí lo rántí níbẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ kìíní," mo ní, "ọmọ náà jí, ó bu omi bọ́jú, ó dágbére fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì, ó kí àwọn tó ń yan gààrí. Ẹ̀kọ́ kẹta, ó dé odò, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́."

"Irọ́ ni," Màmá Tíṣà ní. Ó ti tún gbé ọpọ́n rẹ̀, kò wò mí. "Ilé àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà ló ṣáájú odò. Màlúù dí i lọ́nà níbẹ̀, ó dúró. Báwo ló ṣe máa dé odò láì kọjá níbẹ̀? Tún un bẹ̀rẹ̀."

Mo tún un bẹ̀rẹ̀.